Séfítì Tó Ń Jò Kì Í Ṣe Ohun À Ń Dì Pa

Ẹ BÈÈRÈ, A DÁHÙN

Láàárín oṣù mélòó kan, lẹ́tà wọlé láti Ọbántokò, Láfẹ́nwá, Pánsẹ́kẹ̀, Àdàtán àti Lántòrò, ní Abẹ́òkúta níbí, lórí bọ́ílà, ìkòkò irin ńlá tí a fi ń se omi di sítíìmù. Orí fáàfù kan náà ni gbogbo wọn dá lé: fáàfù ààbò, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní séfítì. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ. Bí bọ́nà, ẹ̀rọ tó ń dá iná sábẹ́ bọ́ílà, bá kọ̀ tí kò kú, tí suwíìṣì kò gé iná, tí adáná bá sùn lọ, òun nìkan ló kù tí yóò tú sítíìmù síta kí irin tó fàya. A ti kó àwọn ìbéèrè náà jọ síbí. Èyí tó ṣíwájú gùn jù, torí ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni.

*

Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. A ní bọ́ílà kan tí a fi ń ṣe oúnjẹ adìyẹ oníkóró. Wọ́n kọ 10 báà (báà ni a fi ń wọn pírẹ́ṣọ̀, agbára tí sítíìmù fi ń tì) sí àwo ara rẹ̀, séfítì rẹ̀ náà jẹ́ 10, ṣùgbọ́n 7 la fi ń ṣiṣẹ́. Láti bí oṣù méjì ni séfítì ti ń jò bí géèjì, aago tó ń fi pírẹ́ṣọ̀ hàn, bá ti dé 7. Mẹkáníìkì wa gun orí bọ́ílà, ó fi sípánà yí bóòtù orí séfítì náà lẹ́ẹ̀mejì gbáko, jíjò sì dáwọ́ dúró. Ọ̀gá wa yìn ín, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀. Ṣé ohun tó ṣe dára?
— Adáná bọ́ílà, Ọbántokò

Kò dára rárá o. Ọkàn yín tí kò balẹ̀ yẹn ló mọ iṣẹ́. Ẹ pa bọ́nà, ẹ jẹ́ kí bọ́ílà tutù, ẹ má sì tan án mọ́ títí ẹ ó fi yọ séfítì yẹn lọ síbi tí wọ́n ti lè dán an wò. Ẹ fi ìdáhùn yìí han ọ̀gá yín.

Ohun tó wà nínú séfítì kò pọ̀. Ihò kan wà nísàlẹ̀ tí sítíìmù ń gbà wọlé. Ọmọrí irin kan bo ẹnu ihò náà, ọ̀pá kan dúró lórí ọmọrí, sípíríǹgì sì ń ti ọ̀pá mọ́lẹ̀. Bóòtù tó wà lókè, èyí tí mẹkáníìkì yín yí, ni ó ń tẹ sípíríǹgì. Ká ní ihò náà fẹ̀ tó mílímítà 25, ìyẹn bí ìdérí ìgò míńrà. Nígbà tí sítíìmù bá dé 10 báà, agbára tó ń ti ọmọrí kékeré yẹn láti ìsàlẹ̀ tó ìwọ̀n kílò 50: odidi àpò símẹ́ǹtì kan, irú èyí tí wọ́n ń kó jáde ní Ewékorò. Ohun tí sípíríǹgì gbọ́dọ̀ tẹ̀ mọ́lẹ̀ nìyẹn, kò gbọdọ̀ jù ú lọ. Yíyí bóòtù lẹ́ẹ̀mejì ti di ẹrù mìíràn lé e. Ibi tí yóò ti ṣí báyìí, ẹnikẹ́ni kò lè fojú wò ó kó sọ ọ́. Ó lè jẹ́ 13 báà, ó lè jẹ́ 16, ó sì lè máà ṣí rárá.

Pé ó lè máà ṣí rárá kì í ṣe àsọdùn. Bí a bá ń tẹ sípíríǹgì, ìká rẹ̀ ń súnmọ́ra. Kí sítíìmù tó lè jáde tó bó ṣe yẹ, ọmọrí ní láti gòkè tó ìdá kan nínú mẹ́rin fífẹ̀ ihò, ìyẹn bíi mílímítà 6 fún ihò tí a sọ yìí. Bí séfítì yín bá jẹ́ irú èyí tí a ń rí sípíríǹgì rẹ̀ láti ìta, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i bó bá ti tutù. Ẹ wọn àlàfo tó wà láàárín ìká kọ̀ọ̀kan, kí ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Bí àròpọ̀ náà kò bá ju mílímítà 6 lọ, sípíríǹgì ti di òpó. Sítíìmù lè ti ọmọrí títí, kò sí àyè tó máa bá lọ. Òfin bọ́ílà ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ASME, kò gbà kí a yí sípíríǹgì kọjá ìdá 5 nínú 100 sókè tàbí sísàlẹ̀ iye tí wọ́n kọ sára séfítì, àfi bó bá ṣì wà nínú ibi tí ẹni tó ṣe é sọ pé sípíríǹgì náà lè dé. Ìyípo méjì gbáko lè kọjá ìyẹn fíìfíì.

Ṣùgbọ́n ohun tó bà wá lẹ́rù jù nínú lẹ́tà yín ni pé kò sẹ́ni tó bi géèjì léèrè ọ̀rọ̀. Séfítì sọ pé ó ti súnmọ́ 10, géèjì sọ pé 7 ni. Èwo nínú wọn ló ń parọ́? Páìpù kékeré kan wà lábẹ́ géèjì tó ká bí ejò. Omi ló máa ń wà nínú rẹ̀ kí sítíìmù gbígbóná má baà kan inú géèjì. Bí ìpẹtà tàbí ẹ̀fun omi bá dí páìpù yẹn, abẹ́rẹ́ géèjì yóò dúró sẹ́yìn, kò ní sọ òótọ́. Ó ṣeé ṣe kí bọ́ílà yín ti wà ní 9 tàbí 10 ní gbogbo ìgbà tí ẹ ń rí 7, kó sì jẹ́ pé séfítì nìkan ló ń kígbe fún yín. Òun náà lẹ wá fi aṣọ dí lẹ́nu.

Nítorí náà, géèjì la kọ́kọ́ ń dán wò. Bí bọ́ílà bá tutù, tí kò sí pírẹ́ṣọ̀ kankan nínú rẹ̀, abẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ wà lórí 0. Ẹ yọ páìpù kíká yẹn, ẹ fi wáyà àti omi fọ inú rẹ̀, kí ẹ rọ omi kún un kí ẹ tó dá a padà. Ẹ wá fi géèjì kejì, èyí tí wọ́n ti dán wò, sí ibi tí wọ́n fi sílẹ̀ fún un lára bọ́ílà, kí ẹ máa wo méjèèjì pọ̀ bí iná bá tún dé. Fún séfítì 10 báà, géèjì tó lọ dé 16 tàbí 20 ló dára, kí abẹ́rẹ́ lè máa ṣiṣẹ́ láàárín ojú rẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ pé òótọ́ ni géèjì ń sọ, a jẹ́ pé séfítì ń ṣàìsàn, àìsàn náà kì í sì í ṣe ti bóòtù. Ìdọ̀tí tàbí èépá ẹ̀fun omi lè há sábẹ́ ọmọrí. Páìpù ìtúsíta tó wúwo lè máa wọ́ ara séfítì sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ọmọrí má jókòó dọ́gba. Sípíríǹgì lè ti dípẹtà kó rẹ̀. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni pé jíjò kékeré tí a fojú fò ti gé ojú irin. Sítíìmù tó bá ń gba ojú tóóró kọjá lójoojúmọ́ ń gbẹ́ irin gẹ́gẹ́ bí okùn ìfami ṣe ń gbẹ́ ẹnu kànga. Bí ẹ bá tú u, ẹ óò rí ìlà tóóró kan tó sọdá ojú ọmọrí, bí ẹni fi abẹ fà á. Kò sí bí a ṣe lè tẹ sípíríǹgì tí ìlà náà yóò parẹ́. A kì í fi ètè sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá.

Lílọ̀ ni wọ́n máa lọ̀ ọ́ ní ibi iṣẹ́. Ẹ má gbà kí wọ́n fi ọmọrí lọ ẹnu ihò tààrà, nítorí àpá tó wà lára ọ̀kan yóò kọ sára èkejì. Àwo irin tó tẹ́jú pẹrẹsẹ la fi ń lọ ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, pẹ̀lú ìpara ìlọrin tó kúnná. Ọwọ́ á máa rìn bí ẹni ń kọ 8, kí apá kan má baà jẹ ju èkejì lọ. Bí ojú rẹ̀ bá ń dán yípo láìsí ìlà kankan, ó tó. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yóò ṣètò sípíríǹgì rẹ̀ padà. Iye tó wà lára àwo bọ́ílà ni òpin, 10 báà fún tiyín; a lè ṣètò rẹ̀ sísàlẹ̀ ìyẹn. Bí ẹ bá rí i pé 7 ni ẹ óò máa lò títí lọ, ẹ lè ní kí wọ́n ra séfítì 8 tàbí 8.5 fún yín. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ wo bóyá ó lè tú gbogbo sítíìmù tí bọ́nà yín lè sè jáde ní iye yẹn, nítorí séfítì kan náà kì í tú sítíìmù tó bẹ́ẹ̀ mọ́ bí pírẹ́ṣọ̀ bá kéré sí i.

*

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kú ojúmọ́. Ọmọṣẹ́ ni mí lọ́dọ̀ alurinmọ́rin tó ń tún bọ́ílà ṣe. Kí ló dé tí séfítì kì í ṣí díẹ̀díẹ̀ bí ẹ̀rọ omi, tó jẹ́ pé ṣe ló máa ń bú gbàù lẹ́ẹ̀kan náà? Kí ló sì dé tí kì í pa dé ní iye tó fi ṣí?
— Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́, Láfẹ́nwá

Ọmọ wa, ìbéèrè rẹ dára, ọ̀pọ̀ ọ̀gá ni kò bèèrè rẹ̀ rí. Wo ìkòkò ọbẹ̀ tó ń hó. Ìdérí rẹ̀ á máa gbọ̀n, á máa tú ooru díẹ̀díẹ̀, á tún padà dé. Bí séfítì bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, ojú ọmọrí yóò gé láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kò sì ní lè tú sítíìmù tó pọ̀ tó.

Ọgbọ́n tí wọ́n dá ni pé wọ́n fi etí yí ọmọrí ká. Tí séfítì bá wà ní pípa, ihò nìkan ni sítíìmù ń tì, ká ní mílímítà 25. Bí pírẹ́ṣọ̀ bá ti gbé ọmọrí sókè bí irun orí, sítíìmù yóò rọ́ sábẹ́ etí náà, ká ní mílímítà 30 ni ibẹ̀ fẹ̀. Bí o bá ṣírò rẹ̀, ibi tí sítíìmù ń tì ti di ìlọ́po 1.44 ti tẹ́lẹ̀. Pírẹ́ṣọ̀ kò yí padà, ṣùgbọ́n agbára ti pọ̀ lójijì ju ti sípíríǹgì lọ, ọmọrí á sì fò sókè gbàù. Nítorí pé ibi gbígbòòrò ni sítíìmù wá ń tì báyìí, pírẹ́ṣọ̀ ní láti wálẹ̀ díẹ̀ sí iye tó fi ṣí kí sípíríǹgì tó lè borí. Ìdí nìyẹn tí séfítì 10 báà fi lè pa dé ní 9.6. Ìyàtọ̀ yẹn wúlò: bí kò bá sí, ṣe ni yóò máa ṣí, tí yóò máa pa, ní ìṣẹ́jú àáyá méjì méjì.

Denis Papin, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ni wọ́n ń pe fáàfù ààbò àkọ́kọ́ mọ́, lórí ìkòkò onísítíìmù tó ṣe ní London ní nǹkan bíi 1679. Apá irin tí ó so ìwọ̀n kọ́ ló fi tẹ̀ ẹ́, kì í ṣe sípíríǹgì. Ìwọ̀n tó so rọ̀ kò bá ohun tó ń mì mu, torí náà sípíríǹgì ló gba ipò náà lórí ọkọ̀ ojú irin. Irú ọkọ̀ onísítíìmù bẹ́ẹ̀ ló ń gba ìlú wa kọjá lẹ́yìn tí wọ́n ṣí ojú irin Èkó sí Ìbàdàn ní 1901.

*

Ẹ kú iṣẹ́ ìwádìí o. Mo ní ilé ìfọṣọ àti ìlọṣọ. Bọ́ílà kékeré wa jẹ́ 7 báà, 5.5 la fi ń lọṣọ. Ẹni tó tà á fún wa ní ká máa dán séfítì wò, kò sọ bí a ṣe máa ṣe é. Mo máa ń fa apá rẹ̀, irin tí a fi ń fọwọ́ ṣí i, láàárọ̀ kí a tó tan iná, ó sì ń lọ sókè sódò. Ṣé ó tó bẹ́ẹ̀?
— Ìyá alágbàfọ̀, Pánsẹ́kẹ̀

Ẹ ṣeun, ìyá wa, pé ẹ tilẹ̀ ń fọwọ́ kàn án. Ọ̀pọ̀ ni kò mọ̀ pé apá yẹn wà fún nǹkan kan. Àmọ́ ẹ dáwọ́ fífà rẹ̀ láàárọ̀ dúró. Bí kò bá sí sítíìmù lábẹ́ ọmọrí, ẹ̀yin nìkan lẹ̀ ń gbé sípíríǹgì náà, ìdọ̀tí tó wà nítòsí lè bọ́ sí ẹnu ihò, kò sì sí sítíìmù tí yóò fẹ́ ẹ dànù. Kó tó di pé ẹ fa apá, pírẹ́ṣọ̀ gbọ́dọ̀ tó ìdá 75 nínú 100 iye tí séfítì fi ń ṣí. Fún 7 báà, ìyẹn jẹ́ 5.25. Ẹ̀yin ń ṣiṣẹ́ ní 5.5, nítorí náà ọ̀sán gangan, nígbà tí iṣẹ́ ń lọ, ni àkókò rẹ̀.

Ẹ so wáyà tàbí ẹ̀wọ̀n tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ apá náà kí ẹ lè dúró lókèèrè fà á. Ẹ wo ibi tí ẹnu páìpù ìtúsíta kọjú sí, kó má sí ọmọ ìkọ́ṣẹ́ tàbí oníbàárà níbẹ̀. Ẹ di etí yín. Ẹ fà á tán pátápátá, ẹ má fà á ní ìlàjì. Ẹ mú un bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 5 sí 10, kí sítíìmù fọ ẹnu ihò mọ́, kí ẹ sì jù ú sílẹ̀ lójijì kí ọmọrí jókòó kó! Bí ẹ bá rọra dá a padà, ìdọ̀tí á há sí i. Bí ó bá ń jò lẹ́yìn náà, ẹ fà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí ó bá ṣì ń jò, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ sì pe oníṣẹ́. Ẹ má ṣe fi nǹkan gbá a lórí. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù tó fún irú bọ́ílà yín.

Fífa apá ń fi hàn pé séfítì kò há. Kò sọ ìgbà tí yóò ṣí fúnra rẹ̀, ìdánwò ọdọọdún ló ń sọ ìyẹn. Ẹni tó mọ iṣẹ́ náà, tó sì ní àṣẹ rẹ̀, ni kí ẹ pè. Ṣùgbọ́n ẹ dúró tì í, ẹ sì mọ ohun tó yẹ kó ṣe.

Yóò kọ́kọ́ ti fáàfù tó ń gbé sítíìmù lọ sí irin ìlọṣọ, nítorí àwọn yẹn lè máà lè gba 7 báà. Omi inú gíláàsì tó ń fi ìwọ̀n omi bọ́ílà hàn gbọ́dọ̀ wà láàárín, kó má ga ju bẹ́ẹ̀ lọ: omi tó bá bá sítíìmù gba inú séfítì ń ba ojú rẹ̀ jẹ́. Yóò fi géèjì ìdánwò tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ tiyín. Suwíìṣì pírẹ́ṣọ̀ yín kò ní jẹ́ kí bọ́ílà kọjá bíi 6, nítorí náà yóò ní láti yí i sókè fún ìgbà díẹ̀. Kí ó kọ iye tó bá níbẹ̀ sórí ìwé kó tó fọwọ́ kàn án. Bí ẹ bá rí i pé ó fẹ́ fi wáyà so ẹnu suwíìṣì pọ̀ kó lè fò ó, ẹ dá a dúró. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà níbi bọ́tìnì bọ́nà, kí ó má ṣe iṣẹ́ mìíràn rárá.

Ó wá kù kí pírẹ́ṣọ̀ máa gòkè díẹ̀díẹ̀. Nǹkan mẹ́ta ni wọ́n ń kọ sílẹ̀: iye tí séfítì fi bẹ̀rẹ̀ sí í sín ṣììì, iye tó fi bú gbàù, àti iye tó fi pa dé. Fún séfítì tó dára, ẹ lè rí 6.8, 7.0 àti 6.7. Òfin ASME gba àṣìṣe ìdá 3 nínú 100 ní irú pírẹ́ṣọ̀ yìí, ìyẹn 6.8 sí 7.2. Bí géèjì bá dé 7.2 tí kò tíì ṣí, kí ẹni tó wà níbi bọ́nà pa á lójú ẹsẹ̀. A kì í dúró wò ó bóyá yóò ṣí ní 7.5. Wọ́n máa ń ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, kí wọ́n fi àyè sílẹ̀ láàárín. Bí àkọ́kọ́ bá jẹ́ 7.2, ìkejì 7.0, ìkẹta 6.9, ó túmọ̀ sí pé ó ti há tẹ́lẹ̀, lílò ló tú u. Ẹ má gba irú rẹ̀ bí èyí tó yege. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tú u wò.

Bí ó bá nílò àtúnṣe, pírẹ́ṣọ̀ ní láti kọ́kọ́ wálẹ̀ dáadáa, bíi 5.5 tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n á ṣí fìlà orí rẹ̀, wọ́n á tú nọ́ọ̀tì tó dè é, wọ́n á di ọ̀pá àárín mú kí ọmọrí má baà yí lórí ẹnu ihò kó fà á ya. Bóòtù náà ní ojú mẹ́fà: ojú kan ni ìwọ̀n, kí a sì tún dán an wò. Yíyí sí apá ọ̀tún ń gbé iye sókè, apá òsì ń mú un wálẹ̀. Nígbà tó bá bọ́ sí i, wọ́n á di nọ́ọ̀tì, wọ́n á dá fìlà àti apá padà, wọ́n á fi wáyà àti òjé sàmì èdìdì sí i. Bí ẹ bá dé lọ́jọ́ kan tí ẹ bá èdìdì ní gígé, ẹ mọ̀ pé ẹnì kan ti fọwọ́ kan ẹ̀mí yín.

Kí oníṣẹ́ tó lọ, ẹ mú ìwé yẹn, kí ẹ jọ dá suwíìṣì pírẹ́ṣọ̀ padà sí iye tó wà tẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbàgbé jù. Wọ́n á dán séfítì wò dáadáa tán, wọ́n á fi suwíìṣì sílẹ̀ ní 7, láti ọjọ́ kejì ni séfítì yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe iṣẹ́ suwíìṣì. Kò sí séfítì tó lè pẹ́ nínú irú ìyà yẹn.

*

Ẹ kú iṣẹ́. Bọ́ílà méjì ni ilé ìfọṣọ ilé ìwòsàn wa ní, 7 báà ni méjèèjì. Séfítì ti àtijọ́ ń ṣí ní 7, ṣùgbọ́n kì í pa dé títí yóò fi wálẹ̀ dé 5.4. Ti tuntun ń gbọ̀n kẹ̀kẹ̀kẹ̀kẹ̀ bó bá ti ṣí, bí ẹni ń lu agolo. Ṣé sípíríǹgì ni ká yí?
— Ọ̀gá ìfọṣọ, Àdàtán

Àìsàn méjèèjì yàtọ̀ síra, kò sì sí èyí tó jẹ́ ti sípíríǹgì nínú wọn.

Ti àtijọ́: láti 7 dé 5.4 jẹ́ ìdá 23 nínú 100. Bíi ìdá 4 ló yẹ, ìyẹn kó pa dé ní 6.7. Ẹ ń fi epo dísẹ́lì sè sítíìmù tí ẹ tún ń dà sí afẹ́fẹ́. Òrùka eléyín kan wà lára ẹnu ihò, nínú séfítì, tí a lè yí sókè tàbí sísàlẹ̀. Pín-ìnì kan láti ẹ̀gbẹ́ ló dè é. Bí òrùka yìí bá ga, séfítì á bú gidi, á sì pẹ́ kó tó pa dé. Bí a bá mú un wálẹ̀, á tètè pa dé. Àmọ́ bí ó bá wálẹ̀ jù, á máa sín lọ́ọ́lọ́ọ́ kó tó ṣí. Eyín díẹ̀ díẹ̀ ni kí oníṣẹ́ máa yí, kí ó ka eyín náà sórí ìwé kí ó lè rántí ọ̀nà padà. Bí ó bá jẹ́ séfítì olórùka méjì, tòkè ló ń ṣàkóso ìpadé jù, tìsàlẹ̀ sì ń ṣàkóso bó ṣe ń bú. A kì í ki irin bọ ibẹ̀ nígbà tí pírẹ́ṣọ̀ bá súnmọ́ 7, nítorí bó bá bú nígbà náà, ọwọ́ yẹn ló máa gbà á. Bí a bá dá pín-ìnì padà, kí ẹnu rẹ̀ wọ àárín eyín méjì, kí ó má fi agbára ti òrùka sí ẹ̀gbẹ́.

Ti tuntun: gbígbọ̀n kẹ̀kẹ̀ máa ń túmọ̀ sí pé sítíìmù kò dé abẹ́ ọmọrí tó. Ẹ wo páìpù tó so séfítì mọ́ bọ́ílà. Bí ó bá gùn, tí ó bá kéré ju ẹnu séfítì lọ, tàbí tí ó ní ẹlíbò (oríkèé tó tẹ páìpù), pírẹ́ṣọ̀ á já lulẹ̀ lábẹ́ ọmọrí bó bá ti ṣí, á pa dé, pírẹ́ṣọ̀ á tún gòkè, á tún ṣí. Séfítì tó tóbi ju bọ́ílà lọ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, àti èyí tí páìpù ìtúsíta rẹ̀ há. Ẹ tètè wá nǹkan ṣe sí i: gbígbọ̀n ìṣẹ́jú mélòó kan lè ba ojú irin jẹ́ ju jíjò ọdún kan lọ.

*

Ilé iṣẹ́ ọṣẹ ni tiwa. Ẹnu ìtúsíta séfítì wa jẹ́ íǹṣì kan àti ààbọ̀, páìpù íǹṣì kan ni a rí rà. A fi ẹlíbò mẹ́rin gbé e gba ara ògiri jáde. Láti ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀ ni séfítì náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í jò.
— Olùtọ́jú ẹ̀rọ, Lántòrò

Ihò páìpù íǹṣì kan kò tó ìdajì ti íǹṣì kan àti ààbọ̀. Ẹ ti fún séfítì lọ́rùn. Ẹ yọ gbogbo rẹ̀. Páìpù ìtúsíta kò gbọdọ̀ kéré ju ẹnu séfítì lọ níbikíbi. Kó kúrú, kó lọ tààrà sókè, kó kọjá orí ènìyàn, kí irin mìíràn tí wọ́n dè mọ́ òpó tàbí ògiri sì gbé ìwúwo rẹ̀. Séfítì kì í ṣe àga tí páìpù ń jókòó lé. Bó bá bú, agbára tó ń jáde lẹ́nu páìpù ń ti gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn, bí kò bá sì sí ìdè, ara séfítì ló máa gba ẹ̀ṣẹ́ náà.

Ohun kejì ni omi. Òjò àti sítíìmù tó di omi ń kó jọ sínú páìpù tó dúró, wọ́n á jókòó lórí ọmọrí, wọ́n á mú un dípẹtà. Lọ́jọ́ tó bá bú, omi gbígbóná yẹn ni yóò kọ́kọ́ fò jáde. Ihò ìṣàn gbọ́dọ̀ wà ní ibi tó rẹlẹ̀ jù, bíi mílímítà 10, kí páìpù kékeré gbé e lọ síbi tí kò ní jó ẹnikẹ́ni, láìsí fáàfù kankan lójú rẹ̀. Ẹ fojú sí i nígbà ọ̀gbẹlẹ̀: agbọ́n tó ń fi amọ̀ kọ́lé fẹ́ràn irú ihò bẹ́ẹ̀ púpọ̀. Ẹ máa ki wáyà bọ̀ ọ́ ní ọjọ́ tí ẹ bá ń fa apá séfítì.

*

Kí séfítì lè rọrùn láti yọ, ṣé a lè fi fáàfù sáàárín òun àti bọ́ílà, ká máa ṣí i sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà?
— Lántòrò kan náà

Rárá. Òfin ilé iṣẹ́ ní Nàìjíríà, ti 1987, kò gbà á: kò gbọdọ̀ sí fáàfù tó lè ya séfítì kúrò lára bọ́ílà. Fáàfù tí “a ń ṣí sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà” ni ẹnì kan yóò tì lálẹ́ ọjọ́ kan nítorí ariwo. Kí wọ́n yọ séfítì nígbà tí bọ́ílà bá tutù. Ẹ ra èkejì tó bá a mu sílẹ̀, kí ẹ máa pààrọ̀ wọn.

*

Wọ́n fẹ́ fi omi dán bọ́ílà 10 báà wa wò dé 15. Kí la máa ṣe sí séfítì?
— Ọbántokò

Ẹ yọ ọ́, kí ẹ fi àwo irin dí ojú rẹ̀. Ìyẹn ló dára jù. Bí kò bá ṣeé yọ, gáàgì, ìyẹn irin ìdè tí wọ́n ṣe fún séfítì náà gan-an, ni kí wọ́n fi dè é. Ìka ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí i, kì í ṣe sípánà: sípánà máa ń tẹ ọ̀pá àárín, ó sì ń tẹ ọmọrí mọ́ ojú irin kọjá ààlà. Ẹ má ṣe tẹ sípíríǹgì mọ́lẹ̀ nítorí ìdánwò omi láéláé. Ẹ so aṣọ pupa gígùn mọ́ gáàgì, kí ẹni tó wà nílẹ̀ lè rí i. Kí ẹni tó dè é gan-an tú u, kí ó sì mú aṣọ náà wá fún ẹni tó ń tọ́jú ìwé bọ́ílà kí wọ́n tó tan iná.

*

Séfítì tuntun tí a rà, onítẹ́rẹ́ẹ̀dì, ìyẹn èyí tí a ń yí wọ ẹnu páìpù, jò lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí a fi sí i. Ṣé ayédèrú ni?
— Pánsẹ́kẹ̀

Ó lè jẹ́ ayédèrú, àmọ́ ẹ wo téèpù tí a fi ń dí jíjò ná. Bí ẹ bá wé téèpù dé ẹnu páìpù, èérún rẹ̀ á já, sítíìmù á gbé e lọ sábẹ́ ọmọrí. Ẹ fi ìka tẹ́rẹ́ẹ̀dì méjì àkọ́kọ́ sílẹ̀ láìwé, ẹ má fi nǹkankan sínú tẹ́rẹ́ẹ̀dì tó wà nínú bọ́ílà. Ẹ tú sítíìmù gba ẹnu páìpù náà fún ìgbà díẹ̀ kí ó fọ̀, kí bọ́ílà tún tutù, kí ẹ tó so séfítì mọ́ ọn. Ibi onígun mẹ́fà tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ni sípánà ń mú. Bí wọ́n bá fi rẹ́ǹṣì páìpù gbá ara òkè rẹ̀ mú, ara náà á wọ́, á sì máa jò bẹ́ẹ̀ títí. Kó dúró ṣánṣán, ọ̀pá rẹ̀ kó kọjú sókè. Ẹ má fi aṣọ ìdáábòbò ooru wé ibi tí sípíríǹgì wà: kó máa rí afẹ́fẹ́.